Gbé Ẹsẹ̀ Rẹ Sókè Kí N Rí I

“Bọ́ bàtà kan, kí o fi í sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀,” ni Dalila wí. “Ẹyọ kan péré o! Tí o bá fi méjèèjì sílẹ̀, wọ́n á mọ̀ pé ìwọ fúnra ẹ lo bọ́ ọ.”

Marleny, ọ̀rẹ́ rẹ̀, wo bàtà rọ́bà tó wà lẹ́sẹ̀ ara rẹ̀. Ẹrẹ̀ ti mù ún dé orókún. Àwọn gbòǹgbò igi ẹ̀gbà yí i ká, wọ́n yọ sókè ju orí ènìyàn lọ, wọ́n sì lọ́ mọ́ra wọn tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè rí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ ohùn àwọn obìnrin tó ń wa piangua, ẹran inú ìkarahun dúdú tó máa ń sá pamọ́ sínú ẹrẹ̀ nígbà tí omi òkun bá fà. Ohùn tó ròkè jù láàárín wọn ni ti Genara, ìyá ìsàmì rẹ̀.

“Tí wọ́n bá wá mi ńkọ́?”

“Ṣebí ohun tí a fẹ́ nìyẹn! Wọ́n á rí apẹ̀rẹ̀ ẹ, wọ́n á rí bàtà kan, wọ́n á ní Tunda ti gbé e lọ. A máa ti padà kí ilẹ̀ tó ṣú. O kàn máa jókòó sórí gbòǹgbò, o máa pa ẹnu mọ́, o máa wò bọ̀ọ̀ bí ẹja tó kú. Ta ló ń na ẹni tí Tunda gbé? Ọbẹ̀ ẹja ni wọ́n á máa sè fún ẹ. Àbí o fẹ́ lọ jókòó ti màmá ẹ, kí gbogbo ẹgbẹ́ wa máa jó ní Santa Rita?”

Dalila mọ ibi tó yẹ kó ta á. Àjọ̀dún Màríà Wúńdíá ti Karmeli ni ọjọ́ yẹn, wọ́n sì ń fi òdòdó àti bébà aláràbarà ṣe ọkọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ ní Santa Rita, ìlú tó múlé gbè wá. Saturia, ìyá Marleny, ti là á mọ́lẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò ní í dá lọ sí òde ijó láìsí àgbà kankan lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni àwọn ọmọ kíláàsì wọn fi ń pe Marleny ní ọmọ ọmú.

Bí wọ́n sì ṣe wà yẹn, ohùn Genara tún dún láti ẹ̀yìn igi. “Marleny o! Ṣé iṣẹ́ lò ń ṣe àbí o ń bá akàn sọ̀rọ̀?”

Dalila fi ọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín ń gbọ̀n ọ́n. Ẹ̀rín mú Marleny náà.

“Mò ń bọ̀, Madrina!” ló ké padà, bí a ti máa ń pe ìyá ìsàmì lọ́dọ̀ wa.

Ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ, ó fi bàtà kan sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dojú dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní kọ̀rọ̀ odò, Jarlin, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá Dalila, ti ń dúró dè wọ́n nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì rẹ̀. Àgùntàn tó bá bá ajá rìn, ẹ kúkú mọ ohun tó máa ń jẹ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí n tó máa lọ, nítorí kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀ ló ń bà wá ní Boca Vieja, ìlú wa. Kò sí ọmọ wa tí wọn kò fi Tunda dẹ́rù bà kó tó mọ̀ ọ́n rìn. Obìnrin inú igbó ẹ̀gbà ni. Kì í wá bí àlejò. Ìyá rẹ ni yóò dà, tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ, tàbí ẹni tí o fẹ́ràn jù, ohùn onítọ̀hún ni yóò sì fi pè ọ́. Ohun kan ṣoṣo tí kò lè pa dà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, tó jẹ́ igi gbọnrangandan, bí orógùn tí a fi ń po ṣokoléètì. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń kọ́ wa pé bí o bá pàdé ènìyàn rẹ nínú igbó, má wo ojú, ẹsẹ̀ ni kí o wò. Ẹni tó bá tẹ̀ lé e, edé ni yóò máa fi bọ́ ọ títí onítọ̀hún yóò fi gbàgbé ilé. Kò sì sí ẹni tó lè gbà á padà, àfi ẹni tó bu omi ìsàmì sí i lórí.

Genara ló bu omi sí Marleny lórí. Àlùfáà kò sí nítòsí lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọmọ náà, ọmọ ọ̀hún kò sì ké. Àwa tó wà níbẹ̀ ti ń káwọ́ lérí. Genara bu omi inú igbá, ó sàmì ọmọ náà lójú ẹsẹ̀, ó sọ ọ́ lórúkọ, ó sì fẹ́ atẹ́gùn sí i nímú títí tó fi ké. Òun kò bí ọmọ kankan. Láti ọjọ́ náà, bí Marleny bá sín ní ìparí àdúgbò, Genara á ní “Ọlọ́run á gbà ọ́” láti inú ilé tirẹ̀.

Genara yìí náà ló rí bàtà.

Mo wà níbẹ̀. Ó ti ń rojọ́ bọ̀ pé ọmọ ìwòyí kò mọ iṣẹ́ ṣe, sìgá rẹ̀ wà lẹ́nu, ibi tó ń jó wà nínú ẹnu lọ́hùn-ún bí àwa obìnrin apá ibí ti máa ń fà á kí ẹ̀fọn lè jìnnà. Ó yọ lẹ́yìn gbòǹgbò, ó rí apẹ̀rẹ̀ tó dojú dé, ó rí bàtà kan tó ti ń rì lọ. Ó fa bàtà náà yọ, ó da omi inú rẹ̀ nù, ó fi aṣọ ara rẹ̀ nù ún mọ́ tónítóní bí ẹni pé ẹni tó ni ín fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sunkún. Àwa la sunkún.

“Ẹ lọ pe onílù,” ló sọ. “Kí Eliodoro gbé ìbọn rẹ̀. Ọmọ mi ni.”

Bí a ti ń ṣe é láyé àwọn ìyá wa náà la ṣe é. Wọ́n gbé ìlù ńlá méjì wọ inú ẹrẹ̀, wọ́n yìnbọn sókè, Policarpa àgbà ń ṣáájú àdúrà, Eliodoro sì ń bú Tunda, nítorí Tunda kò fẹ́ràn èébú. Iṣẹ́ Eliodoro nìyẹn. Ẹnu rẹ̀ kò dára fún nǹkan mìíràn.

“Ẹlẹ́sẹ̀ orógùn!” ló ń pariwo. “Ẹsẹ̀ ẹ kan wúlò fún ṣokoléètì, èkejì ò wúlò fún nǹkan kan! Ọkọ wo ló máa fẹ́ ẹ? Gbé ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀, kí o lọ wá ẹsẹ̀ ẹ kejì!”

Ìgbà mìíràn a máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Lọ́jọ́ yẹn, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. A wá a títí omi fi kún tó lé wa jáde.

Níbi tí a ti ń pariwo yìí, Marleny ń jó ní Santa Rita. Ó rí àwọn ọkọ̀ tó to tẹ̀ lé ère Màríà lórí omi, ó jẹ ẹja díndín, ó sì jó sí orin marimba onígi títí aṣọ fi lẹ̀ mọ́ ọn lára. Kò sí irọ́ níbẹ̀, ó gbádùn ara rẹ̀. Àmọ́ nígbàkígbà tí wọ́n bá yin ìbọn ayẹyẹ sókè, á dá ijó dúró, á sì wo apá ibi tí Boca Vieja wà. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ tó ní kí àwọn máa lọ, ẹ́ńjìnnì Jarlin kọ̀, kò dáhùn. Jarlin fà á títí ó fi làágùn.

“Ọ̀la náà ni,” ni Dalila sọ. “Ó tiẹ̀ dára bẹ́ẹ̀. Tunda wo ló máa ń dá èèyàn padà lọ́jọ́ tó gbé e?”

“Dalila, Madrina á ti kú fún ìbẹ̀rù.”

“Á jí tó bá rí ẹ. Jẹ́ ká lọ sùn ní ilé àǹtí mi jàre.”

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, omi tún fà, a tún wọ inú igbó. Genara kò sùn. Ó fi okùn so bàtà Marleny mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìdí rẹ̀, ó sì lọ ṣáájú gbogbo wa. Nígbà tí ìlù dákẹ́ díẹ̀ kí àwọn onílù lè mí, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ó ké.

“Marleny Angulo! Mo fi omi tí mo bù sí ẹ lórí pè ẹ́! Jáde wá!”

Igbó dákẹ́. Lẹ́yìn náà, láti ọ̀nà jíjìn, níbi tí gbòǹgbò ti pọ̀ jù, ohùn ọmọbìnrin kan dáhùn.

“Mò ń bọ̀, Madrina!”

Èmi fi etí ara mi gbọ́ ọ. Eliodoro gbọ́ ọ, ìbọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Saturia gbọ́ ọ, ó sì bú sẹ́kún, nítorí ìyá kì í ṣi ohùn ọmọ rẹ̀ gbọ́. Genara ti sáré wọlé lọ. Ó kéré, ara rẹ̀ sì fúyẹ́, ó mọ bí a ti í gun orí gbòǹgbò láti kékeré. Àwa tí a gbé ìlù dání kò lè bá a.

“Mo rí i!” la gbọ́ tó ké. “Ó ń lọ níwájú mi! Ó ń juwọ́ sí mi!”

“Wo ẹsẹ̀ rẹ̀!” Saturia pariwo. “Genara, jọ̀ọ́, wo ẹsẹ̀ rẹ̀!”

Ó pẹ́ díẹ̀ kí èsì tó dé. Ohùn Genara ti jìnnà.

“Mi ò rí i! Ẹrẹ̀ ti bò ó dé orókún!”

Ọ̀rọ̀ tí a gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ kẹ́yìn nìyẹn. A pè é títí ohùn wa fi há. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í kún, a sì jáde pẹ̀lú ìtìjú, nítorí ọmọ kan la wá lọ, a sì ti fi àgbà kan kún un.

Nígbà tí oòrùn wà ní àtàrí ni Jarlin já Marleny sílẹ̀ ní kọ̀rọ̀ odò. Ó fi ẹrẹ̀ kun ara àti irun, ó jókòó sórí gbòǹgbò bí wọ́n ti kọ́ ọ, ó ń wò bọ̀ọ̀. Dalila, tí àwọn ará ilé rẹ̀ mọ̀ pé ó lọ kí àǹtí rẹ̀, gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọ ìlú. Eliodoro ló kọ́kọ́ rí Marleny. Kò sún mọ́ ọn títí tó fi wo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì dáadáa. Lẹ́yìn náà ló gbé e kọ́ èjìká, ó ń ké sí gbogbo ayé.

Ẹ ò rí ayọ̀! Saturia gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó fi omi lọ́wọ́ọ́rọ́ wẹ̀ ẹ́, ó sì gbé ọbẹ̀ ẹja àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ síwájú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ń lọ gẹ́lẹ́ bí Dalila ti sọ ọ́. Dalila fúnra rẹ̀ ti wá dúró ní ẹnu ọ̀nà láàárín àwọn òǹwòran, ó ṣẹ́jú sí Marleny. Marleny pa ẹnu mọ́. Ó ń fi ojú wá ojú kan ṣoṣo, kò sì rí i.

“Ọmọ mi,” ni Saturia wí, ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. “Mo mọ̀ pé ẹnu rẹ ò tíì là. Ṣùgbọ́n Madrina rẹ dà? Ibo lo fi í sílẹ̀?”

Marleny wò ó.

“Ṣebí ìwọ lo dá a lóhùn láàárọ̀ yìí? Gbogbo wa la gbọ́ ọ. O ní, ‘Mò ń bọ̀, Madrina.’ Ó sì sáré tẹ̀ lé ọ wọ inú igbó. Kò tíì jáde.”

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà sínú ọbẹ̀. Ní àkókò tí wọ́n ń wí yìí, ilé àǹtí Dalila ló wà, ó ń mu kọfí.

Policarpa àgbà fi ọ̀pá rẹ̀ rìn bọ̀ láàárín èrò. “Ẹ má da ìbéèrè bò ó. Ẹni tí Tunda gbé, ẹnu rẹ̀ kì í tètè là, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí wọ́n gbé e lọ. Nàka sí i, ọmọ mi. Ṣé ọwọ́ òkè ni, àbí ọwọ́ ìsàlẹ̀ odò? Igbó yẹn gbòòrò, a ò lè wá gbogbo rẹ̀, omi sì ń kún. Ibi tí o bá nàka sí ni a máa lọ.”

Gbogbo ọkùnrin ìlú ti mú àjẹ̀ dání, wọ́n ń wo ìka ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Dalila mi orí ní ẹnu ọ̀nà: má sọ̀rọ̀, má sọ̀rọ̀. Marleny gbé ọwọ́ sókè díẹ̀. Ó mọ̀ pé ibikíbi tí òun bá nà án sí, ibẹ̀ ni wọ́n máa wa ọkọ̀ lọ, Genara yóò sì wà níbòmíràn, omi yóò máa gun ìdí rẹ̀, àyà rẹ̀, ọrùn rẹ̀. Ọwọ́ náà bọ́ sílẹ̀.

“Tunda ò gbé mi,” ló sọ. “Santa Rita ni mo lọ. Èmi ni mo fi bàtà sílẹ̀.”

Mo rò pé Saturia máa gbá a létí, ọwọ́ èmi fúnra mi ti ń yún mi. Ṣùgbọ́n Saturia kàn dìde lórí ìkúnlẹ̀, ojú rẹ̀ ti di ti arúgbó.

“Ta wá ni Genara tẹ̀ lé?” ló béèrè.

Nígbà tí a máa fi wo ẹnu ọ̀nà, Dalila ti lọ.

Ọ̀rọ̀ tó kù ni ta ló máa lọ. Àwọn tó sàmì fún Genara ti kú láti ọjọ́ pípẹ́. Eliodoro ní kí a máa yìnbọn lọ bẹ́ẹ̀, bóyá Ọlọ́run á ṣàánú. Policarpa gbọn orí.

“Okùn kì í ní orí kan ṣoṣo,” ni ìyá àgbà náà wí. “Omi tí Genara bù ló so òun pẹ̀lú ọmọ yìí pọ̀. Orí okùn kejì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló máa fà á.”

Marleny ti dìde kí ó tó sọ̀rọ̀ tán.

Wọ́n wa ọkọ̀ gbé e lọ títí dé ibi tí gbòǹgbò kò ti gba ọkọ̀ mọ́. Saturia wà nínú ọkọ̀. Ọ̀sán ni, ṣùgbọ́n òjò ti ṣú, abẹ́ igi sì dúdú. Bí Marleny ti ń sọ̀ kalẹ̀ sínú omi ni ìyá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Ìlù á máa dún níbí. Tí o bá gbọ́ ohunkóhun mìíràn, má tẹ̀ lé e,” ló sọ. “Àní tó bá jẹ́ ohùn mi.”

Omi ti dé ìbàdí rẹ̀. Ẹrẹ̀ ń fa ẹsẹ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀. Ó di gbòǹgbò mú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wọ inú lọ, ìró ìlù sì ń kéré sí i lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó rò pé òun ti jìnnà tó, ó ké: “Madrina o! Ibo lẹ wà?”

Èsì dé láti apá òsì.

“Mò ń bọ̀, Madrina!”

Marleny dì mọ́ igi. Kì í ṣe ohùn tó jọ tirẹ̀. Ohùn rẹ̀ gan-an ni, títí kan ẹ̀rín tó ń gbé mì lánàá nígbà tí Dalila fi ọwọ́ bo ẹnu. Ohùn náà tún dún, ó ti sún mọ́ tòsí díẹ̀. “Mò ń bọ̀, Madrina!” Ohun kan ń kan igi nísàlẹ̀ omi, kó, kó, bí ẹni ń fi ọ̀pá rìn. Ó sọ fún wa lẹ́yìn náà pé òun yíjú padà sí ibi tí ìlù wà, òun fẹ́ sá. Lẹ́yìn náà ló rántí bàtà. Wọ́n ti sọ fún un pé Genara so ó mọ́ ìdí. Ó kẹ̀yìn sí ohùn náà, ó gba apá ọ̀tún lọ.

Níbẹ̀ ló ti rí i. Genara jókòó lórí gbòǹgbò gíga kan, ó ká ẹsẹ̀ jọ, bàtà náà wà ní ìdí rẹ̀. Sìgá rẹ̀ ti kú, ó ti rọ̀ sí i lẹ́nu. Edé tútù kún inú aṣọ rẹ̀, ó ń bó o lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń jẹ ẹ́, kò sì wo ọwọ́ ara rẹ̀.

“Madrina!”

Ó gbé ojú sókè, ó sì ṣe bí ẹni tó rẹ̀. “O tún dé?”

“Èmi ni, Madrina. Marleny ni. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé, omi ń kún.”

“Bí o ti ń wí láti àárọ̀ nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká máa lọ, ẹ jẹ́ ká máa lọ.” Ó bó edé mìíràn. “Gbé ẹsẹ̀ rẹ sókè kí n rí i.”

Omi ti kọjá ìbàdí Marleny. Ó ní láti gun igi, ìkarahun mímú tó lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò sì ń ya á ní àtẹ́lẹsẹ̀ àti orókún. Ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé iwájú ìyá ìsàmì rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń kán sínú omi. Genara fọwọ́ kan ọ̀kan, ó fọwọ́ kan èkejì, ó tẹ ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń yan tòmátì. Síbẹ̀ kò dìde.

“Ẹsẹ̀ pé méjì,” ló sọ. “Ṣùgbọ́n ohùn yìí náà ló mú mi dé ibí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀?”

Marleny rò pé kí òun sọ ọ̀rọ̀ dídùn, kí òun ní òun fẹ́ràn rẹ̀, kí òun ní ọbẹ̀ wà lórí iná. Ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn ni ohun tó wà ní apá òsì lè sọ. Ohun kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu rẹ̀ tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan.

“Madrina, mo purọ́ fún yín. Nígbà tí mo ní mò ń bọ̀, mò ń lọ ni. Èmi ni mo bọ́ bàtà yẹn sílẹ̀ kí ẹ lè rò pé Tunda ló gbé mi. Mo lọ jó ní Santa Rita. Ẹ̀yin ń wá mi nínú ẹrẹ̀, èmi ń jẹ ẹja díndín. Inú mi dùn, Madrina. Mo rántí yín, mo sì tún jó.” Ẹkún gba ohùn rẹ̀. “Kò sí ẹni tó gbé mi. Èmi ni mo gbé ara mi lọ.”

Genara wò ó títí. Lẹ́yìn náà, ó tu edé ẹnu rẹ̀ sínú omi, ó da èyí tó wà nínú aṣọ rẹ̀ nù, ó sì na ọwọ́ gbá Marleny létí, ìgbátí tó dún ju ìbọn Eliodoro lọ. Kí ọmọ náà tó ké, ó ti fà á mọ́ àyà, òun náà ń sunkún.

“Ìwọ ni,” ló ń wí. “Ìwọ ni, ọmọ burúkú. Tunda kì í jẹ́wọ́.”

Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n tẹ̀ lé ìró ìlù jáde. Wọn kò bojú wẹ̀yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun kan ń pè wọ́n títí wọ́n fi dé ìdí ọkọ̀.

Ibà dá Genara dùbúlẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Tíṣà ilé ẹ̀kọ́ wa, tó jẹ́ ará ìlú ńlá, ní oòrùn, ebi àti àìsùn ni, pé etí tó bá ń wá ohùn kan kò ní í ṣàì gbọ́ ọ. Ó ṣeé ṣe. Èmi kò bá a jiyàn. Mo kàn mọ̀ pé kò fi ẹsẹ̀ kan inú igbó náà rí.

Ní ti Dalila, ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ lọ́gbọ́n, n kò ní í tún un nà nínú ìtàn. Marleny dúró níwájú gbogbo ìlú ní ọjọ́ ìsìn, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn onílù, lọ́wọ́ Eliodoro, lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Títí Genara fi dìde, òun ló ń wa piangua fún ilé méjèèjì kó tó lọ sílé ẹ̀kọ́. Genara sì ti dárí jì í. Ó sọ bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo wa, mo sì gbà á gbọ́, nítorí obìnrin náà kì í fẹnu sọ ohun tí kò sí lọ́kàn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n títí di òní, bí Marleny bá kan ilẹ̀kùn rẹ̀ tó ní, “Madrina, mo dé o,” ohùn á ti inú ilé dá a lóhùn.

“Gbé ẹsẹ̀ rẹ sókè kí n rí i.”

Ọmọ náà á dúró ní ẹnu ọ̀nà, á gbé ọ̀kan sókè, á sọ ọ́ kalẹ̀, á gbé èkejì. Ìgbà yẹn ni wọ́n á tó ní kó wọlé. Àwọn aládùúgbò kọ́kọ́ ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọn kò fi wọ́n rẹ́rìn-ín mọ́. Lọ́jọ́ kan mo bi Genara pé ṣé kò tíì dárí jì í dénú ni. Ó ní, “Mo ti dárí jì í. Ẹ̀rù ló kù, òun ni kò gbọ́ àforíjì.”

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kà á, ẹyin lohùn, bó bá ti balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹni tí a purọ́ fún lè dárí jini lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n kí ó tó tún lè gbọ́ ohùn wa láìwo ẹsẹ̀ wa, yóò pẹ́. Ẹ má fi ìfẹ́ àwọn tó fẹ́ràn yín ra ijó ọjọ́ kan nítorí kí ẹgbẹ́ má baà pè yín ní ọmọ ọmú. Irọ́ tí a pa kì í bá wa padà wálé. Ibi tí a fi í sí ló ń gbé, ohùn wa ló sì ń lò níbẹ̀.

Bí omi bá fà láàárọ̀, tí àwa obìnrin bá wọ inú ẹrẹ̀, Marleny máa ń rọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ wa tímọ́tímọ́. Nígbà mìíràn, ó máa ń dá iṣẹ́ dúró lójijì, á sì di etí rẹ̀ méjèèjì. A kì í bi í pé kí ló gbọ́. Àwa náà ti gbọ́ ọ, láti ọ̀nà jíjìn, níbi tí gbòǹgbò ti pọ̀ jù, ohùn ọmọdé tó ń fi ẹ̀rín sínú:

“Mò ń bọ̀, Madrina!”